Ọmọ Wa àti Òkun: Bí Ìdílé Mùsùlùmí Ṣe Lè Fi Ìsinmi Etí Òkun Kọ́ Ọmọ Lẹ́kọ̀ọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ilẹ̀, tó dá òkun, tó sì tẹ òkun ba fún ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ ṣe ní oṣù yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, pé kí ni ó kan olùkọ́ kéwú nínú ọ̀rọ̀ ìsinmi ní etí òkun. Ó kàn wá gan-an. Nígbà tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí Iléyá bá dé, ẹ ó rí i bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wọ́ lọ sí etí òkun láti Èkó títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sọ fún òbí. Àwọn kan kì í sì í padà wálé, nítorí òkun ti gbé wọn lọ.

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa máa ń sọ pé etí òkun kì í ṣe ibi tí ọmọ Mùsùlùmí ń lọ, nítorí ọtí, ariwo ìlù àti ìhòòhò. A kò jiyàn pé nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí ni pé òbí tó bá kọ̀ láti mú ọmọ rẹ̀ lọ kò dí ọ̀nà mọ́ ọmọ náà. Ọmọ yóò tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, láìsí àgbà, láìsí ìkìlọ̀, láìsí ìrun. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé: ẹ mú wọn lọ fúnra yín, ṣùgbọ́n kí ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń mú wọn lọ kọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

1. ÀNÍYÀN ÀTI ÌGBÌMỌ̀

Àníyàn ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ gbogbo. Bí a bá fi ìrìn-àjò wa ṣe àníyàn pé a fẹ́ mú inú ará ilé wa dùn, kí a sì wo iṣẹ́ Ọlọ́hun, ìsinmi náà di ìjọsìn. Nínú Sūratu l-Kahf, Ànábì Mūsā àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ sí ibi tí omi òkun méjì ti pàdé, ẹja sì ni wọ́n mú dání fún oúnjẹ. Ìmọ̀ ni Ànábì náà ń wá lọ. Nínú Sūratu n-Nahl, Ọlọ́hun ka ẹran tútù inú òkun, ọ̀ṣọ́ tí a ń wà jáde nínú rẹ̀ àti ọkọ̀ tó ń la omi kọjá mọ́ àwọn oore tó yẹ kí a dúpẹ́ fún. Báwo ni ọmọ tí kò fojú rí òkun rí yóò ṣe mọ bí oore yìí ṣe tóbi tó?

Kí bàbá, ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n jókòó papọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé náà dá sí i. Ẹ pín iṣẹ́: ẹni tí yóò ṣètò oúnjẹ, ẹni tí yóò máa pe ìrun, ẹni tí yóò máa kọ ohun tí a bá rí sínú ìwé. Bí owó kò bá tó, kí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta pawọ́ pọ̀ gba ọkọ̀ kan. Ẹ má ṣe yá owó nítorí ìgbádùn ọjọ́ kan.

2. ÌMÚRASÍLẸ̀

Àwa tí a wà ní Imeke mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó yóò gba ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì. Ní Aradagun ni ọ̀nà ti yà wá sí Imeke, tó tún lọ sí Iworo àti Ajido létí ọ̀sà. Kí ẹ rántí pé ọ̀sà kọ́ ni òkun. Ọ̀sà ló wà láàrin wa àti ilẹ̀ tóóró tó kọjú sí Òkun Àtìláńtíìkì. Ní ìlú Àgbádárìgì, láti etí omi tí wọ́n ń pè ní Marina, ọkọ̀ ojú omi ni ẹ ó wọ̀ kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fẹsẹ̀ rìn kí ẹ tó dé etí òkun gan-an.

Ẹ gbéra ní kété tí ẹ bá ti kírun Àsùbáà, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ pọ̀ lọ́nà yìí, ọ̀nà ẹnubodè ni, àwọn agbófinró sì máa ń dá ọkọ̀ dúró. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Ẹ gbé omi mímu tó pọ̀, oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́, ẹní ìkírun, fìlà àti ìborí nítorí oòrùn, aṣọ ìpààrọ̀, oògùn ojú ọgbẹ́, okùn gígùn kan, kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì tí ìdérí wọn le, igi gbọọrọ tó gùn ní mítà kan, àti àpò tí ẹ ó kó ìdọ̀tí padà sí.

Ní ti àkókò, ìsinmi oṣù December sàn ju ti oṣù August lọ. Láti June títí dé September ni ìgbì òkun wa máa ń le jù. Bó bá jẹ́ August nìkan ni àyè wà, ẹ lè lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wọ omi. Lórí iyanrìn ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀kọ́ yín.

Ní ti aṣọ, kí ọkùnrin bo láti ìdodo títí dé orúnkún, kí obìnrin wọ hìjáàbù rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí ẹ wá ibi tí kò sí èrò, níbi tí kò sí ọtí àti ariwo. Etí òkun gùn. Ẹni tó bá rìn síwájú díẹ̀ yóò rí ibi tó dákẹ́.

3. ÒFIN OMI

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn baba wa ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Òkun tó wà níwájú wa yìí kò rí bíi ti inú àwòrán, níbi tí omi ti dúró jẹ́ẹ́. Ìgbì ń ya lu etí ilẹ̀ pẹ̀lú agbára. Omi tí ìgbì bá gbé wá gbọ́dọ̀ padà, nígbà mìíràn a sì máa gba ojú kan ṣoṣo padà bí odò tó ń sáré wọ inú òkun. Ojú ibẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó rọlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tí kò mọ̀ fi máa ń yàn án láti wẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ikú wà.

Nítorí náà:

(a) Kí ọmọdé má kọjá ibi tí omi dé kókósẹ̀ rẹ̀, kí àgbà kan sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àgbàlagbà náà kò gbọdọ̀ kọjá orúnkún.

(b) Kí a yan àgbàlagbà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa wo omi àti ọmọ lọ. Kò gbọdọ̀ mú fóònù lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹni tó ń rì kì í sábàá pariwo, nítorí omi ti gba ẹnu rẹ̀.

(d) Kí a máa ka orí àwọn ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

(e) Bí omi bá fa ènìyàn lọ, kí ó má ṣe bá a jìjàkadì láti wá tààrà sí ilẹ̀. Agbára rẹ̀ yóò tán. Kí ó sùn sẹ́yìn kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè. Bó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, ní ìbú etí òkun, títí tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ omi náà, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

(ẹ) Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ sómi tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni méjì tàbí mẹ́ta ṣe ń kú nítorí ẹnì kan. Ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ ti so mọ́ okùn sí i, ẹ ké sí àwọn apẹja, kí ẹ sì pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó.

(f) Nínú ọkọ̀ ojú omi, kí gbogbo ènìyàn wọ jákẹ́ẹ̀tì tí í mú ni léfòó, ọmọdé pẹ̀lú. Bí ti ọmọdé kò bá sí, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí hádíìsì fi yé wa pé Mùsùlùmí tó kú sínú omi wà lára àwọn ṣàhíìdì. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtùnú ńlá sì ni fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìtùnú fún ẹni tí àjálù bá ni, kì í ṣe àwáwí fún ẹni tó ṣe àìbìkítà. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Sūratu l-Baqara pé kí a má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Nígbà tí ọkùnrin kan sì bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, Ànábì kọ́ ọ pé kí ó so ó, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ẹni tó ń wo omi ni okùn ràkúnmí wa ní etí òkun.

4. Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ IYANRÌN

Ẹ̀kọ́ kìíní: òjìji àti àkókò ìrun. Bí ẹ bá ti dé, ẹ ri igi mítà kan yẹn mọ́ iyanrìn tó tẹ́jú, kí ó dúró ṣánṣán, kí ohun tó yọ lókè jẹ́ mítà kan gééré. Bẹ̀rẹ̀ láti agogo méjìlá, kí àwọn ọmọ máa fi ìkarahun sí ibi tí orí òjìji dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọn yóò rí i pé òjìji ń kúrú, yóò kúrú dé ibi kan, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn yẹn ni oòrùn yẹ̀ kúrò láàrin ọ̀run, tí àkókò ìrun Àìlà sì wọlé. Kí wọ́n wọn òjìji tó kúrú jù náà, kí wọ́n fi gígùn igi kún un. Nígbà tí òjìji bá dé ibẹ̀, àkókò Àlàásárì ti wọlé.

Ní ìparí December, òjìji tó kúrú jù níbí máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 57, ìhà àríwá ni yóò sì kọjú sí. Àlàásárì yóò wọlé nígbà tó bá pé mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 57. Ní àárín August, òjìji náà kì í ju bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ, ìhà òkun ni yóò sì kọjú sí, nítorí oòrùn ti gba ìhà àríwá wa kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ April àti ìbẹ̀rẹ̀ September, oòrùn máa ń kan àtàrí wa, òjìji igi a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn èyí kò tún ní rò pé inú aago ni ìrun ti wá.

Ẹ̀kọ́ kejì: Kíbúlà. Gábàsì ni a ń pè é, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ibi tí oòrùn ti ń yọ gan-an ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Kí ọmọ kẹ̀yìn sí òkun, ó ti kọjú sí àríwá nìyẹn. Kí ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́, ìlà-oòrùn nìyẹn. Kí ó wá pín àárín iwájú rẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Níbi tí ìpín kejì parí sí, tàbí kọjá rẹ̀ díẹ̀, ni Mẹ́kà wà. Ẹ fa ìlà sórí iyanrìn, kí ẹ tẹ́ ẹní lé e.

Ẹ̀kọ́ kẹta: omi àlùwàlá. Àwọn ọmọ kan rí iyanrìn púpọ̀ tó mọ́, wọ́n fẹ́ ṣe tàyámọ́mù. Ẹ bi wọ́n pé ṣé omi kò sí ni? Imām Mālik gbà á wá nínú Muwatta pé àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lójú òkun bi Ànábì bóyá àwọn lè fi omi òkun ṣe àlùwàlá, nítorí omi tí wọ́n ń gbé dání kéré. Èsì tó fún wọn ni pé omi òkun mọ́ fún ìmọ́ra. Ẹ fi korobá bu omi náà wá sí òkè, kí ẹnikẹ́ni má lọ tẹ̀ síbi ìgbì nítorí àlùwàlá.

Kí wọ́n tún sẹ́ omi òkun díẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mímọ́ sínú àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú oòrùn. Nígbà tó bá gbẹ, iyọ̀ ni yóò kù. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan ń lọ sí bíi gíráàmù 30 sí 35.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: òṣùpá àti òkun. Omi òkun wa máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì méjì láàrin ọ̀sán àti òru kan. Kí ọmọ ri igi kékeré mọ́ ibi tí ìgbì dé, kí ó kọ aago sílẹ̀, kí ó padà wò ó lẹ́yìn wákàtí méjì. Kí olùkọ́ wá ṣàlàyé pé òṣùpá, pẹ̀lú oòrùn, ló ń fa omi náà. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tó bá pé ọjọ́ 14 tàbí 15, ni omi máa ń kún jù, tó sì máa ń fà jù. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ọjọ́ oṣù Hijra mọ nǹkan nípa òkun pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo alákàn tó ń gbẹ́ ihò, kí wọ́n wo àgbọn tó léfòó lórí omi, èyí tí òkun lè gbé lọ hù ní èbúté mìíràn, kí wọ́n sì wo bí àwọn apẹja ṣe ń para pọ̀ fa àwọ̀n wá sí ilẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹyin ìjàpá òkun, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ní ti ìrun arìnrìn-àjò, àwọn àlùfáà Mālikī wọn ìrìn tí a fi ń gé ìrun kúrú sí bíi 80 kìlómítà. Láti àárín Èkó sí Àgbádárìgì kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n kírun wọn pé. Ẹni tó wá láti Ìbàdàn lè gé e kúrú. Ẹ bi ìmáàmù yín ṣáájú ọjọ́ náà, kí àríyànjiyàn má ṣẹlẹ̀ lórí ẹní.

5. ÌTÀN TÓ WÀ LÉTÍ OMI

Ẹ má ṣe dé Gbẹ̀rẹ̀fù kí ẹ má sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ. Láti bíi àwọn ọdún 1730 títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e, Àgbádárìgì jẹ́ èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú. Ọ̀nà tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀sà dé òkun ni wọ́n mú àwọn ènìyàn wa gbà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ibi tó parí sí ni a ń pè ní ibi àrè-mábọ̀.

Nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n kó kọjá òkun yìí, Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ tó jáde láti ara "Ìmàle" tiwa. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù January 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, wọ́n dìde láti gba òmìnira ara wọn. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ ni wọ́n bá lára wọn. Ẹ sọ fún ọmọ tó ń sunkún nítorí wàláà pé àwọn kan gbé kéwú wọn kọjá òkun yìí nínú ìdè, wọn kò sì jẹ́ kó bọ́.

Ẹ parí ìtàn náà, kí ẹ má bò ó. Nínú ìlú Àgbádárìgì ni ilé Sẹ́ríkí Williams Abass wà, pẹ̀lú yàrá 40 tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́. Ọmọ Ìjògà-Orílé ni. Wọ́n kó òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní kékeré, ó dé Bùràsíìlì, ó padà wá, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Mùsùlùmí ni, àwọn Mùsùlùmí fi í jẹ Sẹ́ríkí, ó sì kú ní 1919. Ọmọ yóò bi yín pé: báwo ni Mùsùlùmí ṣe lè ta ènìyàn? Ẹ má ṣe lé ọmọ náà dákẹ́. Ẹ sọ fún un pé oyè kò sọ ohun tó burú di rere. Ẹ sọ fún un pé Abū Bakr fi owó ara rẹ̀ ra Bilāl kúrò lóko ẹrú, àti pé nínú Sūratu l-Balad, títú ẹrú sílẹ̀ wà lára ọ̀nà gíga tí Ọlọ́hun ní kí a gùn. Ọmọ tí a bá purọ́ ìtàn fún ní ilé kéwú yóò gbọ́ òótọ́ rẹ̀ níta, kò sì ní gbà wá gbọ́ mọ́.

6. ÌPADÀBỌ̀

Ẹ ka orí àwọn ọmọ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ padà, kí ẹ sì tún kà á nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣa gbogbo ọ̀rá àti ike tí ẹ mú lọ. Mímú ohun ìnira kúrò lọ́nà wà lára ìgbàgbọ́, etí òkun sì jẹ́ ọ̀nà fún àwọn apẹja tó ń gbé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde níwájú ará ilé, kí ó sọ ohun kan tó kọ́. Ìyẹn ni ìdánwò yín, ẹ̀yin àgbà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ọ̀sà àti òkun ní agbègbè Àgbádárìgì?
2. Báwo ni a ṣe ń fi igi mọ ìgbà tí Àìlà wọlé?
3. Bí o bá kẹ̀yìn sí òkun, níbo ni Kíbúlà wà?
4. Kí ni ẹni tí omi ń fà lọ gbọ́dọ̀ ṣe? Kí ni ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe?
5. Kí ló dé tí tàyámọ́mù kò fi tọ́ fún ẹni tó wà létí òkun, tí ara rẹ̀ le, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó omi?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa lórí ilẹ̀ àti lórí omi, kí Ó jẹ́ kí ìmọ̀ wọn ṣe wọ́n láǹfààní, kí Ó sì foríji àwọn tí omi ti gbà lọ́wọ́ wa. Āmīn.